Ọ̀kùn Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Màmá Mi

Màmá mi Totuya,

Ṣé ara yín le? Ara tèmi le, ó kàn jẹ́ pé ìjókòó mi ti ju ìrìn lọ. Ẹ má fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ nílùú Osh nípa òkúta tó yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lórí òkè. Mi ò jẹ́ kí ìgò tí mo fi ń kó kòkòrò bọ́ lọ́wọ́ mi, akọ ọ̀kùn tí mo rí lórí òkè náà sì wà nínú rẹ̀ digbí.

Màmá, ọ̀kùn tuntun ni! Kò sẹ́ni tó kọ nípa rẹ̀ rí. Ṣé ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń ní ká ka orúkọ baba ńlá wa méje kí wọ́n tó fún wa ní búrẹ́dì? Bí ti ọ̀kùn náà ṣe rí nìyẹn: oríkèé keje lára akọ la fi ń mọ ìdílé rẹ̀. Wọ́n gbé awò tó ń mú nǹkan kékeré tóbi wá bá mi lórí ibùsùn nílé ìwòsàn. Bí mo ṣe wò ó, igbe ni mo fi bọnu, nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Àwa tí a ń ṣèwádìí kòkòrò kì í fi orúkọ ara wa sọ ohun tí a bá rí, mo bá fi tiyín sọ ọ́. Talant tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo, "Ìyá ẹ á lù ẹ́ o! Ọ̀kùn?" Mo ní, "O ò mọ ìyá mi."

Tí àsálà bá gbó, ẹ jẹ́ kí àbúrò mi gun igi tèmi lọ́dún yìí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní kí wọ́n ka àwọn baba ńlá náà sókè. Tí wọ́n bá dé orí ìkeje, kí wọ́n pe Totuya lé e.

Aizirek yín