Òrí Nínú Fóòkì Kẹ̀kẹ́

Àtìní, ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1980

Gbàù! Gbàù! Gbàù! Láti àárọ̀. Òòlù ni wọ́n fi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe báyìí ní ìsọ̀ ọkọ mi. Ràsáàkì ni, àbúrò rẹ̀. Dírẹ́bà tí wọ́n gba mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀, tó di ọ̀gá oníkẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tí a sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nínú ìwé yìí, Olóòlù ni màá máa pè é.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ìsọ̀. Mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì lè jáde. Opó ni mí. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ó ku díẹ̀ kó pé. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́ mi. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí yẹn! Bí mo bá ti mira báyìí — "Ìyá Mùtíátù, níbo?" Àwo tí mo fi jẹun, ife tí mo fi mumi, ọkùnrin ilé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èèwọ̀ ni, wọ́n ní. Mo gbà. Ta ló wá ní kí n máa gbọ́ gbàù láti òwúrọ̀ dalẹ́?

Mùtíátù ọmọ mi wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń bá wọn ká òwú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kò ní gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹta

Gbàù. Orí ń fọ́ mi.

Jímọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti mọ ohun tó ń rùn láti ìsọ̀. Òrí ni! Òrí tí à ń fi pa ara ọmọ! Àdìjátù, ìyàwó Olóòlù, tó ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ló sọ fún mi. Ó ní ọkọ òun ti gbé agolo gíríìsì fún àwọn onímọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìkòkò òrí òun ló wá kó lọ sí ìsọ̀. Ó ní ohun tó bá ṣáà ti ń yọ̀, ó ń yọ̀ náà ni.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Nílẹ̀ Òkè-Ògùn níbí, ọmọdé wo ni kò mọ̀ pé a kì í gbé òrí sóòrùn? Láàárọ̀ á dì bí òkúta. Lọ́sàn-án á yọ́, á ṣàn lọ. Bó bá ṣàn tán, òjò á wọ ibẹ̀, ìpata á dé.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá Bàbá Mùtíátù tọ́jú fóòkì. Kò jẹ́ gbé fóòkì tuntun sára kẹ̀kẹ́ kó má kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ mi. Màá fi fáìlì ha ẹnu ọ̀pá rẹ̀ kí ó dán. Màá fi kẹrosíìnì fọ inú rẹ̀, màá nù ún títí àkísà á fi jáde láìní ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà gíríìsì — nínú ọ̀pá, lára ọrùn háńdù tó máa wọ inú rẹ̀, lára bóòtì gígùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó máa ń sọ pé irin méjì tí kò bá sí gíríìsì láàárín wọn, wọ́n á fẹ́ ara wọn, wọn ò sì ní kọ ara wọn mọ́ láé. Á wá rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Lónìí n kò rí ẹ̀rín kankan rín.

Àtìní, ọjọ́ kẹjọ

Ọjọ́ ọjà. Oyèlẹ́yẹ, àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ tó ń ti Ìlúà wá, bú Olóòlù títí ara ògiri fi gbọ̀n. Ó ní háńdù òun kọ̀, kò yí, tòun tẹ̀gẹ́ òun ló wọnú odò. Ó ní, "Ràsáàkì, ṣé o tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe ni, àbí o sin ín?" Olóòlù ní kó lọ sá a sóòrùn, á yọ́. Sá a sóòrùn! Mo gbọ́ tí Ìyá Àgbà ní "Hùn" lẹ́nu ọ̀nà.

Nírọ̀lẹ́, Àdìjátù gbé pákò kan wá, wọ́n fi ewé dì í. Kò lè wo ojú mi. "Ìyálé mi, ẹ má bínú, òun ló rán mi."

Mo mọ pákò yẹn. Bí mo bá fi fọ eyín báyìí, mo ti gbà kí Olóòlù ṣú mi lópó nìyẹn. Bàbá Sàlàkọ́, olórí ẹbí, ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá máa jogún ìsọ̀, yóò jogún ìyàwó olóhun mọ́ ọn. Wọn kì í ya ara wọn. Bí ẹni ń ta àgbò tòun ti okùn ọrùn rẹ̀!

Kò tilẹ̀ ti ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló rán sí mi! Inú ń bí mi dé eegun. Mo ti pákò náà bọ abẹ́ ẹní. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní kí n máa lọ ilé bàbá mi, ìsọ̀ á di ti Olóòlù. Bí mo bá gbà — áà, n kò gbà! Ìsọ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti débi kẹ̀kẹ́ ọkọ mi gan-an.

Kí àìsàn tó dá Bàbá Mùtíátù dúbúlẹ̀, a ti tọ́jú fóòkì tuntun fún kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. A fọ̀ ọ́, a kùn ún, a fi àkísà wé e, ó kù ká tò ó. Olóòlù tú àkísà náà lónìí. Ó ní gíríìsì ara rẹ̀ dọ̀tí, ó nù ún dànù! Ó kó òrí sí i. Ọrùn háńdù tó ti dípata, kò ha á, ó fi òòlù gbá a wọlé. Lẹ́yìn náà ó ń de bóòtì, ó ń dè é, ó ń dè é —

Kákà!

Orí bóòtì já, ó yí gbirigbiri gba ihò abẹ́ ògiri wọlé tọ̀ mí wá. Mo ṣà á. Mo fẹnu sára ògiri: "Ọkọ mi, bóòtì ti kán o! Kò sóhun tó di háńdù yẹn mú mọ́. Ẹ má gùn ún!" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí opó dákẹ́, ó ti dì gbagidi. Òótọ́ ni, ó dì. Òjò ló rọ̀ mọ́jú, òrí ló dì í mú. Ó di ọjọ́ tóòrùn bá ràn.

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá

Òjò. Kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Al-hamdu lillahi.

Àláádì, ọjọ́ kẹrìnlá

Oòrùn ràn lónìí. Olóòlù ní òun máa gbé Ìyá Àgbà lọ sí Ìlúà, dókítà olójú ń bẹ níbẹ̀. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sí gbangba, ó wọlé lọ kírun ọ̀sán. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i tí òrí ń kán tó, tó, tó, láti ọrùn háńdù sórí táyà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wà lọ́nà Ìlúà yẹn, tòun ti arúgbó lẹ́yìn!

Mo pariwo. Olóòlù jáde, kò wò mí. Ó gbé Ìyá Àgbà sórí káríà. Mo ní, "Màámi, ẹ má gùn ún!" Ìyá Àgbà ní opó kì í pariwo.

N kò mọ ìgbà tí mo fò jáde. Tòun ti aṣọ opó, láì borí, lójú ọjà, lọ́sàn-án gangan. Àwọn èèyàn ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú, mo yí háńdù. Háńdù kọjú sí Ṣakí, táyà ṣì ń wo Ìlúà. Mo fà á. Ó tẹ̀lé mi lọ́wọ́, ó ń kán òrí. Mo nà án sí Olóòlù: "Ẹ gbà. Ẹ máa wà á lọ."

Mo gbé Ìyá Àgbà sọ̀kalẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú gírígírí.

Àtìní, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹbí jókòó lé mi lórí. Mo kúnlẹ̀. Bàbá Sàlàkọ́ pariwo títí itọ́ fi ń ta. Mo ti ba opó jẹ́, mo ti dójú ti òkú. Àlùfáà ní ẹni tó jáde nítorí ẹ̀mí èèyàn kò dẹ́ṣẹ̀. Ta ló gbọ́ tirẹ̀? Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé nìyí.

Olóòlù dìde. Ó ní òun ò lè ṣú ẹni tó ba opó jẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé wúrà ló gbà lọ́wọ́ mi.

Bàbá Sàlàkọ́ wá dá a: láti òní lọ, kò sí ọkùnrin ilé yìí tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí, tàbí ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn. Kí n ṣì máa gbé yàrá mi, kí n máa ṣe tèmi.

Ìyá Àgbà wá dá sí i: "Sàlàkọ́, tún un sọ. Kí gbogbo ẹbí gbọ́."

Ó tún un sọ.

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, Màámi. Èèwọ̀ ni."

Àdìjátù fi gèlè bo ẹnu. Èmi náà dorí kodò, kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Àtàlátà, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo kírun àsùbáà, mo jáde. Ẹnikẹ́ni kò bi mí pé níbo.

Ilẹ̀kùn ìsọ̀, mo fọwọ́ kàn án. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sípánà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Fáìlì. Páńpù. Bẹ́ǹṣì tí Bàbá Mùtíátù máa ń jókòó lé. Kẹ̀kẹ́ Oyèlẹ́yẹ tó tún dá padà. Táyà, ṣéènì, agolo tó ti ṣófo. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ọn dáadáa, tìbínú-tìbínú, kò sí èyí tí mo fò.

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé fóòkì ọkọ mi lé itan. Òrí ti dì sínú rẹ̀. Mo fa pákò Olóòlù yọ, mo wé àkísà mọ́ ọn, mo fi ro inú ọ̀pá náà mọ́ tónítóní. Ó wúlò, pákò yẹn. Gíríìsì ni màá kọ́kọ́ wá lónìí.

Olóòlù dé. Ó dúró síta, ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo àwọn irinṣẹ́. Ó fẹ́ wọlé, ó fà sẹ́yìn. Ìyá Àgbà ti gbé àpótí rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó dẹtí sílẹ̀.

"Ìyá Mùtíátù."

"Mà."

"Mo ti ń gbọ́ ọ bọ̀ láti àárọ̀. Ó ku òòlù."

Lóòótọ́. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Mo fọwọ́ kàn án.