Ìka Màmá Lórí Ẹ̀rọ

                                        Yàrá Kẹta,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ìjọ̀ngbọ̀n wọn ti dínkù? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́, àbí ẹ ṣì ń tan ara yín pé ọjọ́ orí kọ́? Ní tiwa, ara le, ọkàn ni kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́yìn wa ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ń gbé fóònù ní ọsibítù, tó ń dá àwọn tó bá pè lóhùn, ló ti ń wá yàrá tirẹ̀. Ìjọba wá kọ́ ilé oníyàrá kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọsibítù náà, fún òṣìṣẹ́ tó bá lè dá gbé. Orí ẹ̀rọ kan ní ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀, ẹ̀rọ ọ̀hún sì dára, n ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń kọ lẹ́tà gàdàgbà fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ó ń fi àwòrán ọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá ríran bíi ti Àbíkẹ́yìn, á bá a sọ Yorùbá ketekete, bọ́tìnnì rẹ̀ sì ní àmì tí ìka lè mọ̀. Ọmọ náà ti lọ kọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun nìkan lòun máa lọ.

Èmi tí ẹ ń pè ní Aláròyé ni mo fárígá pé rárá o, kí Màmá sìn ín lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Nígbà tí a débẹ̀, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ẹni tó ni ọ̀rọ̀ nìkan ló ń wọ yàrá ẹ̀rọ. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ta ló ni ọ̀rọ̀ jù mí lọ? Ṣé ìwọ lo bí i ni?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, mo bá Màmá bẹ̀ ẹ́, ó bá yẹ̀ fún wọn. Èmi dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rọ béèrè ọjọ́ orí, ó béèrè iṣẹ́, Àbíkẹ́yìn ń tẹ ìdáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó wá béèrè pé ṣé ẹ lè dá gbé, àbí ẹ nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú yín. Kí ọmọ tó gbé ọwọ́, Màmá ti tẹ èkejì. Ẹ̀rọ ní ṣé ó dá yín lójú? Màmá tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Orí ọwọ́ Màmá ni ọwọ́ Àbíkẹ́yìn bà lé.

Kì í ṣe ìkà ló mú un ṣe é o. Ó ní ta ni yóò bá a wo iná, ta ni yóò bá a ti ilẹ̀kùn. Àṣé ẹni tó bá tẹ èkejì, ẹ̀rọ á yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń tọrọ ilé náà. Òṣìṣẹ́ yẹn bá wa tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni orúkọ Àbíkẹ́yìn bọ́ sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pín yàrá tó kẹ́yìn. Ọwọ́ ẹni tí òun àti Àbíkẹ́yìn jọ ń gbé fóònù ló bọ́ sí. Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí dé egungun. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn lóòótọ́.

Àbíkẹ́yìn ò pariwo. Ì bá tiẹ̀ bú wa, à bá mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ yẹn bi mí, ó sì dúró dè mí. Ẹ̀yin ò dúró." Látìgbà yẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun Màmá. Ó ní kí n kọ̀wé sí yín kí ẹ bá òun bẹ̀ ẹ́, torí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Màmá ní kí n kí yín dáadáa.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo tìtorí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mo rí i pé ohun kan náà la tún fẹ́ ṣe. Nígbàkígbà tí ẹ bá pè, èmi lẹ máa ń bi pé báwo ni Àbíkẹ́yìn, èmi náà á sì dáhùn, òun á jókòó síbẹ̀, á máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má pè mí, ẹ má pe Màmá. Òun ni kí ẹ pè. Ẹ bi í ní ohun tó fẹ́ ká ṣe. Bó bá dákẹ́, ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ dúró dè é.

                                        Èmi ni tiyín, àbúrò yín,
                                        Aláròyé.