Ẹni Tó Wà Níwájú Ló Ni Ọ̀nà

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì 2025

Kíláàsì síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, ní Nunhead nílùú Ọba níbí. Ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lórí òkè yìnyín ní Bulgaria. Bethany ló ń kọ́ wa — ìyá òyìnbó kan láti East Dulwich, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ọlọ́mọge. Òfin àkọ́kọ́: ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni kó yà.

Alága dìde. (Ọkọ mi. Alhaji Sherifdeen ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Alága, torí kò sí ìpàdé tí kì í fẹ́ ṣe olórí rẹ̀.) Ó ní tí ọmọdé bá wà níwájú òun, ṣé òun àgbàlagbà lòun máa yà? Bethany ní bẹ́ẹ̀ ni. Alága ní ibẹ̀ gan-an ni ìlú yìí ti bàjẹ́.

Kí kíláàsì tó tú, ó ti fi ara rẹ̀ ṣe alága ètò ààbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Fẹ́búárì

Ó ń fi bàtà síkì rìn káàkiri pálọ̀. Aládùúgbò ìsàlẹ̀ ti ń fi igi ìgbálẹ̀ lu àjà.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì. Bulgaria

Òtútù yìí ò lójú àánú. Peckham, àdúgbò wa tí mo máa ń bú òtútù rẹ̀, mo tọrọ àforíjì.

Alága so fèrè mọ́rùn, ó dúró sí àárín ọ̀nà, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìwà ọmọlúàbí. Bethany, tó bá wa wá, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí. Alága ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Basit, ọmọ Nímọ́tà ọ̀rẹ́ mi, kọjá lára rẹ̀ fìrì, kò kí i. Ẹjọ́ yẹn la gbọ́ dalẹ́.

Ọjọ́rú, 19 Fẹ́búárì

Mo wà lórí àga tó ń fi okùn irin gbé wa gòkè, mo ń wo ìsàlẹ̀. Bethany ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Alága já bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ — kò lè dúró — ó ń pariwo: "Ẹ yà o! Àgbà ń bọ̀!" Yorùbá ni o, fún ìyá òyìnbó. Ó gbá a lulẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó bá tiẹ̀ lọ.

Egungun èjìká ìyá ti kán. Kò rí ojú ẹni náà, ṣùgbọ́n ó ní èdè Yorùbá wa lẹni náà fi pariwo. Wọ́n bá mú Basit, torí eré rẹ̀ máa ń pọ̀. Basit, tí Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ káàárọ̀" lọ! "Wallahi, Uncle, it wasn't me." Uncle Làtíìfù tó kó wa wá ní kó máa lọ sílé lọ́la, kó má sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ lọ ibi kankan mọ́. Alága náà dìde níbi oúnjẹ: ẹni tó gbá àgbà tí kò dúró, kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Nínú yàrá, mo ní, "Alhaji, mo rí yín."

Ó ní òun ti ṣe àdúà fún ìyá náà. Ó ní ọmọdé ni Basit, wọn ò ní pẹ́ gbàgbé. Orúkọ tòun ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 20 Fẹ́búárì

Báàgì Basit ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nímọ́tà pè mí láti ilé, ẹkún ló ń sun: ọmọ òun kì í purọ́ fóun. Mo wo Alága. Ó ń fi jáàmù pa búrẹ́dì. Mo retí, mo retí.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀. Ọkọ mi ni."

Alága kàn pe orúkọ mi: "Mìsítúrà." Uncle Làtíìfù lọ gbé báàgì Basit padà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Fẹ́búárì

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 26 Fẹ́búárì. Ilé

Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé kúlà ìrẹsì, ó lọ sọ́dọ̀ Bethany. Basit ló gbọ́ lẹ́nu ìyá náà: ó ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, àmọ́ Alhaji gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì

Lẹ́yìn Jímọ̀, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó pe Basit. "Má bínú. Mo mọ̀ pé èmi ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀." Basit fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Alága dì í mú. Ó ní, "Dìde. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó dọ̀bálẹ̀." Nímọ́tà ń nu ojú.

A délé. Ìgbà yẹn ló tó lanu bá mi sọ̀rọ̀: "O ò bá ti ní sùúrù díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi."

Mo ní, "Nígbà wo, Alhaji?"

Ó na abọ́ sí mi, ó ní kí n bu ẹran sí i.

Mo bù ú. Ẹyọ kan.