Ìwé Ìpè Mùínátù Tí Mo Fi Pamọ́

Ojúlé 17, Àdúgbò Pòrógun,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, àfi Tabitha aya rẹ, nítorí ìmọ̀ràn rẹ̀ ni mo ń wá. Báwo ni nǹkan ní Ayépé? Ṣé orúnkún rẹ ti gbà ọ́ láyè láti máa lọ sóko? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Mùínátù ọmọ mi ni. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni, àti pé ọ̀dọ̀ mi ni ó ń gbé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé Abdulsalam ọkọ rẹ̀ lọ sí Sókótó. Nọ́ọ̀sì kì í kàwé tán, Olúyọmí. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó ti tó ọdún méjì tí ọmọ yìí ti ń tọrọ àyè. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, àwa mẹ́ta la wà ní wọ́ọ̀dù tó yẹ kí mẹ́jọ wà. Tí mo bá lọ, ta ni yóò dúró ti aláìsàn? Mètírọ̀n ní kí n ní sùúrù, àfi bíi pé sùúrù ni wọ́n fi ń tún ìwé àṣẹ ṣe."

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ó wà ní ìsinmi tí ó lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, Haneef, ìránṣẹ́ ilé ìwòsàn wọn, mú lẹ́tà kan wá. Mo tú u. O mọ̀ mí: láti ìgbà tí mo ti kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, kò sí bébà tó wọ ilé mi tí n kì í kà. Wọ́n ti fún un láyè, ọjọ́ márùn-ún ní Abẹ́òkúta, kí ó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú àwọn yòókù, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí ó fèsì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Òtẹ́ẹ̀lì ni ojú mi rí. N kò rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Mo rántí ọjọ́ tí dókítà kan fi ọkọ̀ gbé e wálé nínú òjò, tí Kúbúrátù tó ń gbé òdìkejì wa ń pariwo lẹ́nu ẹ̀rọ omi pé: "Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mà pọ̀ o, wọ́n tún ń ṣe é dé inú mọ́tò!" Mo rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ yóò dé Sókótó kí ọmọ mi tó ti Abẹ́òkúta dé. Mo fi lẹ́tà náà sí abẹ́ ìrọ̀rí mi, mo ní n óò ronú sí i. Ọjọ́ Ẹtì kọjá, wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, mètírọ̀n bi í pé kí ló dé tí kò fèsì. Ó wálé, ó kúnlẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Haneef mú lẹ́tà kankan wá?"

Mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ tí ó ń wẹ ojú egbò ẹsẹ̀ mi. Àkókò ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò parí ní òpin oṣù yìí, kò sì ní lè fọwọ́ kan aláìsàn mọ́. Wọ́n tún ti ní Haneef ló sọ lẹ́tà nù, kí ó wá wí tẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Mùínátù kò tilẹ̀ kí i mọ́. Ìjọba àti mètírọ̀n ni mo máa ń bú pé wọ́n ń dí àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́; n kò mọ̀ pé èmi náà wà lára wọn.

Jọ̀wọ́, bá mi bi Tabitha, nígbà tó jẹ́ pé òun náà ti ṣe mètírọ̀n rí, bóyá irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà níbòmíràn kí oṣù tó parí, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ọjọ́ Àìkú ni Mùínátù kò ní lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ náà ni n óò jẹ́wọ́ fún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, n óò tẹ̀lé e lọ bá mètírọ̀n, kí Haneef tó la ẹnu. Kúbúrátù yóò gbọ́. Kí ó gbọ́.

Bá mi kí àwọn ọmọ àti àwọn ará ilé. Bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ dáná sun ún. Kì í ṣe nítorí aládùúgbò mọ́. N kò fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ṣáájú tèmi.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,
Tàjúdéènì