Àkàbà Tí A Yà Ní Kíláàsì

Ojúlé 13, Òkè-Ẹ̀sọ̀,
Iléṣà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, 1996.

Ìyá Tèmi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Tèmi ńkọ́? Ṣé ọkọ̀ tí ò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀ kò tíì mú ẹ̀yìn dùn ọ́? Ara tiwa le, a dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n bá Tèmi sọ̀rọ̀ kó fi Mikail tó fẹ́ fẹ́ ẹ sílẹ̀. O ní ti ẹ̀sìn kọ́, pé aláró làwọn òbí rẹ̀ ní Òṣogbo, wọn kò kàwé, wọn kò tíì lajú. O ní bí wọ́n bá wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Sátidé, o kò ní ṣílẹ̀kùn.

Ṣó o rántí àwòrán àkàbà ilé-ìwé wa, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà bàólójì báyìí? Ekòló wà nísàlẹ̀, ẹja lé e, ọ̀bọ lé ẹja, obìnrin dúdú kan lé ọ̀bọ, òyìnbó wá jókòó tẹ̀rín-tẹ̀rín lókè pátápátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ń kun kíláàsì tó wà, mo ká a kúrò. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, fárígá.

“Misisi, ẹ fi sílẹ̀ o. Àwọn míṣọ́nnárì ló kàn án mọ́bẹ̀. Ohun ìtàn ni.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ ìtàn, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Tó bá ti wà lára ògiri, ẹ̀kọ́ làwọn ọmọ ń pè é.”

Àwọn onímọ̀ òyìnbó àtijọ́ kọ́kọ́ to ewéko àti ẹranko lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, òun ni mo fi ń jẹun. Ìgbà tí wọ́n to ènìyàn mọ́ ọn ni wọ́n sọ ọ́ di àkàbà: ẹni ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ún kó tó di ènìyàn. Wọ́n pè é ní ìlọsíwájú. Àwa náà gbà á, a pè é ní ọ̀làjú. Lóòótọ́ ìka kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni gbogbo wọn wà.

Nígbà tí tíṣà wa ní ká ya àkàbà náà sínú ìwé, ìwọ lo yà á dára jù nínú kíláàsì wa. O ò mọ ojú obìnrin tí wàá yà, lo bá ya ojú màmá yín, tòun ti pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Inú màmá dùn débi pé wọ́n fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Orógbó ni wọ́n ń tà tí wọ́n fi rán ọ níwèé. Àwọn alára kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà. Wọ́n sùn nínú Olúwa láì mọ̀ pé àárín ọ̀bọ àti òyìnbó ni ojú àwọn wà. Ó dùn mí, Julianah.

Àwòrán náà lo jogún, ó ṣì wà ní pálọ̀ tìrẹ ní Ìdó-Ọ̀ṣun. Bí àwọn aláró bá kanlẹ̀kùn, gbójú sókè wò ó ná.

Bá mi kí Bàbá Tèmi àti gbogbo ilé. Sọ fún Tèmi pé mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá Mikail ni màá jókòó sí.

Èmi ni tìrẹ láti kékeré,
Oyèṣọlá.