Ẹ Má Yìnbọn Lórí Ìdúró Nínú Ọkọ̀

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ewu omi. Ìyá mi, ẹ kú ìdí ẹja, èéfín kò ní bà yín lójú jẹ́. Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé, mo kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo ará ìlú wa, Màhìntẹ̀dó, lè kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọjá ti ilé wa nìkan.

Ara mi le. Òtútù Amẹ́ríkà ti dé, ètè mi ti là. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ṣì wà, èmi ni mo ń ṣètò ọkọ̀ ẹrù tó ń jáde, wọ́n sì mọ̀ pé n kì í gba ìdádúró. Bí mo bá délé, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ èdè wa àfi fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè yín títí tí Ìyá fi ní mo ń da oúnjẹ rú mọ́ àwọn lẹ́nu.

Bàbá, ẹ bi mí lọ́jọ́ Àìkú bóyá kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí yóò máa tẹ̀lé àwọn apẹja gbé ìbọn, nítorí àwọn olè ojú omi tó ń gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé ni yóò wà níwájú ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ẹ ní láti oṣù mẹ́rin ni ìpàdé àwọn apẹja ti pín sí méjì, àwọn kan ní kí wọ́n gbé ìbọn, àwọn kan ní rárá. Oṣù mẹ́rin! Bí ẹ bá lo mẹ́rin sí i, ẹ ò ní rí ìdáhùn, torí ẹ ò tíì béèrè irú ìbọn wo, irú ọta wo, àti bí ẹni tó fẹ́ yìn ín yóò ṣe wà nínú ọkọ̀.

Níbí náà, àríyànjiyàn ìbọn kì í tán. Lindà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni ọgọ́ta ọdún tó ní kí n máa pe òun lórúkọ, ní ìbọn tirẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó ní èyí tí kì í ti èèyàn sẹ́yìn bí a bá yìn ín lòun rà, torí èjìká òun ń dun òun. Ọkùnrin kan tí a jọ ń jẹun ọ̀sán ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù nìyẹn: ìbọn tí kì í ti èèyàn, ẹni tó fẹ́ pa ọ̀pọ̀ èèyàn á máa yìn ín lọ láìmira. Lindà ní ṣé ìgbálẹ̀ ni kí arúgbó wá máa fi lé olè?

Ti ọta tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan wà tí orí rẹ̀ ṣófo. Bó bá wọ ara, á fẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin bò lè gba ara kọjá, kó gba ògiri, kó bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fòfin de àkọ́kọ́, ìkà ni. Àwọn kan ní òun ló ń dá aládùúgbò sí. Mo rò ó títí. Pákó ni ògiri tiwa, Bàbá. Ọta wẹ́wẹ́ tó ń fọ́n ká ńkọ́? Bí ọkọ̀ olè bá wà láàárín ọkọ̀ àwọn èèyàn wa, ta ni yóò ní kó yà?

Mo tẹ̀lé Lindà lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ni wọ́n gbé fún mi. Mo dúró bí ẹ ṣe kọ́ mi nínú ọkọ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra, orúnkún rọ̀. Mo yìn ín. Ìdí ni mo fi balẹ̀! Lindà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ta ló kọ́ mi ní ìdúró pẹ́pẹ́yẹ yìí. Mo ní bàbá mi ni, ìdúró yẹn ni wọ́n sì fi ń ju àwọ̀n lójú ìgbì. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n àwọ̀n kì í gbá ẹni tó jù ú padà.

Orí ilẹ̀ ni mo ṣubú sí, kì í ṣe inú omi. Bí Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé bá dúró nínú ọkọ̀ tóóró, tí wọ́n yìnbọn sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ á dojú dé kí olè tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mo pè wọ́n, mo sọ fún wọn. Wọ́n fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ń dúró nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi, pé àlejò láti Àkúrẹ́ tí kò mọ omi ló ń jókòó. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Bí ẹ bá ní kí n nawọ́, rárá ni màá nawọ́ sí. Owó mi ò ní ra ìbọn. Ẹ̀wù tí ń mú èèyàn léfòó, iná alágbára, kí àwọn ọkọ̀ sì máa jáde papọ̀: ìyẹn ni mo fẹ́, mo sì lè san owó ẹ̀wù àti iná lọ́la. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ pé rárá níbi tí ọlọ́pàá ti ń dé kíá. Nítorí náà, bí ìpàdé bá ní kí wọ́n gbé ìbọn, tí òfin sì gbà, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún.

Bàbá, ẹ̀yin ni olórí apẹja, kò sẹ́ni tó rí yín ní ìjókòó nínú ọkọ̀ rí. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá kọ́kọ́ jáde, ẹ wọ ọkọ̀ wọn níṣojú gbogbo èbúté, kí ẹ sì jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Bọ̀dá Ọmọ́yẹlé ò ní gbọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ dúró lé bàbá wọn lórí.

Olúwa á máa ṣọ́ àlọ yín, á ṣọ́ àbọ̀ yín. Àwọ̀n yín ò ní gòkè lófìfo. Ẹ bá mi kí gbogbo ará èbúté, àwọn tó ní kí wọ́n gbé ìbọn àti àwọn tó ní rárá.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́