Ojú Tí Ó Wà Lára Pátákó Adùnjẹ

Òjòwò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án, ọdún 1961.

Mùbàṣírù ọmọ mi,

Salamu alekun. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ tuntun tí mi ò tíì rí ojú rẹ̀. Ṣé ara yín le, ṣé ẹ ń sùn dáadáa pẹ̀lú igbe ọmọ? Alubarika Ọlọ́run kò ní fi ilé yín sílẹ̀ lọ sí ilé aládùúgbò. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí o. Tíṣà Ernest tí ń kọ́ àwa àgbà níwèé ní ìrọ̀lẹ́ ní kí n má tún gbé e wá fún òun, pé bí mo bá ṣì í kọ, ọmọ mi ni yóò kà á, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Sítáǹbù méjì ni mo lẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè yára ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò fẹ́ ìdúró.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà nílé. Àbẹ̀bí àbúrò bàbá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí mẹ́ta, ó sì ti bá ilé mẹ́ta jà nítorí wọn. Wọ́n ti gé owó kòkó, àwọn tí ń ra àrán lọ́dún ìjẹta ti ń lẹ aṣọ báyìí. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò ní igun kan, mo gbé abọ́ sí i. Fọ́tò Abibat ẹ̀gbọ́n rẹ tí o gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí o ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, tí o ní wọn yóò bá mi sọ ọ́ di ńlá, o kò tíì dá a padà. Mi ò fi ṣe ìjà. Mo kàn rántí rẹ̀ ni, nítorí òun nìkan ni fọ́tò tí ó yà kí ó tó kú.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n wá sí Ìbàdàn wá bá yín wẹ ọmọ. O tún ní kí n fọkàn balẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ, pé bí àwọn ilé oúnjẹ Adùnjẹ tí o ń bá ṣe akọ̀wé tilẹ̀ ń kú káàkiri, èyí tó wà ní Dùgbẹ̀ kò tíì kú. Mùbàṣírù, ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè wá. Ọdún méjì ni mo ti pa á mọ́ra. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mò ń ti Ìwòpin bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ mi ni táyà ọkọ̀ wa bẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo rí ilé funfun kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé pátákó sí iwájú rẹ̀, wọ́n ya ojú obìnrin sí i. Gèlè rẹ̀ ṣẹ́ sí apá òsì, àpá kékeré wà lábẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí epo gbígbóná ti ta sí i lára nígbà tó wà lọ́mọdé. Abibat ni. Mo wọlé, mo jókòó, wọ́n gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ fún mi, mo tọ́ ọ wò, mo sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Irú yíyan ló wà nínú ọbẹ̀ náà. O mọ̀ pé Abibat nìkan ló máa ń yan irú lórí ẹyin iná kí ó tó dà á sọ́bẹ̀. Mo bá a wí títí, kò gbọ́, ó ní òórùn rẹ̀ ni òun ń wá.

Mo ní kí obìnrin tó gbé oúnjẹ wá mú mi lọ bá ẹni tó sè é. Mary ni orúkọ rẹ̀, onísùúrù ènìyàn. Ó ní òun ló sè é, pé àwọn ará Ìbàdàn ló fún òun ní orúkọ àti pátákó, tí wọ́n sì kọ ìwé fún òun pé báyìí ni kí òun ṣe máa sè é, iye ata, iye ẹran, ọ̀dà ara ògiri, àti pé òun gbọ́dọ̀ yan irú. Ó ní gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ Adùnjẹ ní ìlúkílùú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Mo bi í pé ta ló kọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Ó ní òun ò mọ̀, ẹnì kan ní ọ́físì wọn ni. Mo bi í pé obìnrin ara pátákó ńkọ́. Ó ní òun ò tíì fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n òun gbọ́ pé obìnrin náà ló ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí ikú bá pa láìtọ́jọ́, a máa ń bá a ní ìlú mìíràn tí yóò máa ṣòwò, tí yóò tilẹ̀ ní ọkọ. Alfa ní kí n má gba ọ̀rọ̀ akúdàáyà gbọ́. Alfa kò bí Abibat. Ẹ ti sin ín kí n tó dé láti Ìwòpin, ilẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè rẹ̀, ẹ sì ṣe é bí ẹ̀sìn ṣe wí, mi ò bá yín wí. Ṣùgbọ́n èmi kò rí òkú ọmọ mi, nítorí náà kí ni n óò fi jiyàn pé ó kú tán?

Kí ọdún náà tó parí, Adùnjẹ ti dé Orù, ó ti dé Ìlápòrú, ó ti dé Àbígí, ó dé etí omi ní Ìwòpin gan-an, ilé funfun kan náà, ojú kan náà. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, òórùn irú yíyan yóò gba ojú ọ̀nà kan láti ibí dé ọ̀sà. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ láyé, kò sì ṣe ọ̀lẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè lọ wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo dúró títí àwọn ènìyàn fi ń bi mí pé ṣé kò sí. Nígbà tí mo tún kọjá, wọ́n ti kan ilẹ̀kùn ilé náà pa, Mary ti padà sílé bàbá rẹ̀. Mo wo ti Orù, ó kú. Ti Àbígí, láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti wò ó, a kò tilẹ̀ dúró, kò pé oṣù kan tí mo bá aláǹtakùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìlápòrú àti ti Ìwòpin. Àwọn awakọ̀ sọ pé owó kòkó ló fà á, pé ẹni tí ń jẹ ẹran méjì tẹ́lẹ̀ ti ń di ẹ̀bà láti ilé. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí àwọn àgbà sọ, pé akúdàáyà kì í dúró ní ìlú tí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé bá ti rí i. Yóò di ẹrù rẹ̀ ni. Èmi ni mò ń lé ọmọ mi kiri.

Ìwé onílà pupa tí o fi sínú lẹ́tà rẹ ló jẹ́ kó dá mi lójú. O ní kí n wo bí Adùnjẹ ṣe gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo wò ó. Mo fi ìka tẹ̀ lé ọ̀nà tí ó gbà. Ó gun òkè ọdún kan gbáko láìsinmi, ó dúró díẹ̀ lórí téńté, bóyá ó ń mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń yára, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ìwé. Mi ò rí orúkọ ìlú kankan níbi tó ń lọ. Kò sí igi lọ́nà náà, kò sí odò tí ènìyàn lè fi bomi mu. Mo fi Kùránì lé ìwé náà lórí kí ó má baà rìn kọjá etí.

Èyí tí wọ́n ṣí sí Òjòwò níbí, lọ́wọ́ Ìyá Ọláníyọnu opó, mo búra pé mi ò ní wò ó. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń fi ìborùn bo ojú kọjá níwájú rẹ̀. Ìyá Ọláníyọnu rò pé mò ń bá òun jà, ó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò mọ̀. Àbẹ̀bí ni mò ń rán lọ ra oúnjẹ, n óò kọ ẹ̀yìn sí ojú títì jẹ ẹ́. Gbogbo àwọn tó kù lójú ọ̀nà yìí kú tán, èyí ò kú. Ṣé o rí i pé n kò parọ́.

Ní Jímọ̀ méjì sẹ́yìn, bí mo ṣe ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, afẹ́fẹ́ gbé ìborùn lójú mi. Mo wò ó. Òun náà wò mí. Oòrùn ti jẹ ojú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù dé láti Ìbàdàn, wọ́n ń yọ pátákó. Mo sáré lọ, mo di ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn mú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ, ẹnikẹ́ni ò nílò rẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n da ojú rẹ̀ dé kí wọ́n tó gbé e rù mí.

Ó wà ní yàrá ẹ̀yìn báyìí, ní igun tí kò jò, mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Mi ò wò ó. Ọwọ́ ni mo máa ń fi kan ẹ̀yìn pátákó náà. Bí ọ̀sán bá pọ́n, òórùn irú yíyan a máa jáde láti yàrá náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná nínú ilé. Àbẹ̀bí náà gbọ́ ọ, ó bi mí pé ta ló ń dáná. Mo ní Abibat ni. Ó lọ wo ewúrẹ́ rẹ̀, láti ìgbà náà kò tíì wọlé mi.

Ọ̀kan ṣoṣo ló wá kù, ti ọ̀dọ̀ yín ní Dùgbẹ̀. Bí mo bá wá wẹ ọmọ, n óò rí i, yóò sì tún lọ, iṣẹ́ rẹ yóò sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ń dùn mí, tí mo fi ń sunkún lórí ìwé yìí. O ní ojoojúmọ́ ni o ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí ọ́físì. Ọmọ ìyá rẹ ni, o mọ̀ ọ́n nílé, o ń rí i, kò sì sá fún ọ. Èmi nìkan ló ń sá fún.

Bá mi bẹ̀ ẹ́. Dúró níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, má tijú ará Ìbàdàn. Sọ fún un pé ìjì ló dá wa dúró lórí ọ̀sà fún ọjọ́ méjì, pé mo ní kí ọlọ́kọ̀ máa tù lọ, ó kọ̀. Sọ fún un pé ẹja tó rán mi, mo rà á bọ̀, ó wà lórí àjà títí di òní. Bí ó bá ní kí n máa bọ̀, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, n óò wá wẹ ọmọ náà títí yóò fi rìn. Bí kò bá dáhùn, fi owó páànù méjì ránṣẹ́ dípò, kí òjò má baà kan igun tí ó wà.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún mi, yóò dá ọmọ rẹ sí fún ọ. Ìrìn rẹ kò ní di ìrìn asán, oúnjẹ kò ní tán nínú ìkòkò rẹ, ẹni tí o fẹ́ràn kò ní lọ nígbà tí o kò sí nílé.

Èmi ni ìyá ẹ̀yin méjèèjì,
Asimawu.